Lẹ́tà sí Akin lórí jìtá olówó pọ́ọ́kú

Mọ́kọ́lá,
Ìbàdàn.

Akin ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù o. A gbọ́ pé yìnyín ti bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lọ́dọ̀ yín ní Kánádà. Níbí, ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú ni, ètè ti ń gbẹ. Gbogbo ilé ń kí ọ.

Mo rí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ. O ní o fẹ́ jìtá kan tí wàá máa ta nínú yàrá bí o bá ti ibi iṣẹ́ dé, àti òmíràn fún Kúnlé àbúrò rẹ, o sì ń bi mí bóyá kí o ra olówó gọbọi kan níbẹ̀, kí o gbé e wálé ní Kérésì. Má gbé nǹkan kan wálé. Ẹ̀yin méjèèjì, olówó pọ́ọ́kú ni kí ẹ rà, níbi tí kálukú wà, kí ẹ sì ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó tó bá kù fún okùn tuntun àti àtúntò. Jìtá olówó pọ́ọ́kú òde òní, ẹ̀rọ ló ń gé pákó rẹ̀, ó sì ń gé e gún. Ìparí iṣẹ́ ni wọ́n ti ń ṣọ́ owó ná: kò sẹ́ni tó jókòó ti egungun òkè àti ti ìsàlẹ̀ láti rẹ́ wọn bó ṣe yẹ. Ìdí nìyẹn tí okùn fi ń ga fíofío, tí ìka fi ń dun ọmọ, tó fi ń gbé jìtá sẹ́yìn ilẹ̀kùn kó tó mọ orin kan ta.

Egungun òkè ni mo ń pe ibi tí okùn ń gbà kọjá bó ṣe ń ti orí jìtá bọ̀ sí ọrùn. Egungun ìsàlẹ̀ ni èyí tó dúró lórí bíríìjì, pákó kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú jìtá. Ike ni méjèèjì sábà máa ń jẹ́ lára olówó pọ́ọ́kú, a óò padà sórí ìyẹn.

Fún Kúnlé, bí kò bá tíì di jìtá mú rí, Yamaha C40 tó jẹ́ olókùn ọ̀rá (náílọ́ọ̀nù) ni. Ọrùn rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 52 níbi egungun òkè, ìka kì í gun ara wọn, okùn ọ̀rá kì í sì í gé ni lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ orin ìjọ tàbí jùjú ló wà lọ́kàn rẹ̀, tó fẹ́ kí ohùn máa dún ṣaworo, kó mú Yamaha F310, olókùn irin. Tirẹ̀ tóóró, mìlímítà 43. Láti egungun òkè dé ìsàlẹ̀ jẹ́ mìlímítà 634, nígbà tí ti C40 jẹ́ 650. Gígùn tó dín yẹn ló ń mú kí okùn rọ̀ díẹ̀ lára F310 ju lára àwọn olókùn irin tó gùn jù ú lọ.

Wọ́n á sọ fún un pé pílíwúùdù ni ojú jìtá méjèèjì, pé kó wá èyí tí ojú rẹ̀ jẹ́ odindi pákó. Òótọ́ ni pé odindi pákó, irú èyí tó wà lójú Yamaha FG800, máa ń gbọ̀n dáadáa jù, etí á sì gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n odindi pákó máa ń là bó bá gbẹ jù, ọyẹ́ kò sì mọ iye tí a ra nǹkan. Pílíwúùdù, tí wọ́n lẹ awẹ́ kan lé èkejì ní ìdábùú, kì í tètè là. Fún jìtá tí yóò máa wà lára ògiri tọ̀sán tòru, tí ọmọ á kàn na ọwọ́ mú bó bá wù ú, pílíwúùdù ni mo fara mọ́, kí ẹni tó bá fẹ́ bínú máa bínú.

Ní tìrẹ, pẹ̀lú ògiri fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí o ní ó wà láàárín ìwọ àti aládùúgbò, jìtá oníná ni kí o rà: Yamaha Pacifica tàbí Squier, èyí tó bá wà nítòsí. Bí o kò bá so ó mọ́ ẹ̀rọ kankan, agbára káká ni ohùn rẹ̀ fi máa jáde ní yàrá. Okùn 9 sí 42 rọ̀ lọ́wọ́ (nínípọn okùn tó tín-ínrín jù àti ti èyí tó nípọn jù ni nọ́ńbà méjèèjì, ní ìdá ẹgbẹ̀rún ínǹṣì). Àwọn tí NEPA ń dá lágara níbí náà ń ta á bẹ́ẹ̀ nínú òkùnkùn.

Ẹ mú káàdì báǹkì lọ sí ṣọ́ọ̀bù, owó nìkan kọ́ ni mo rò. Nínípọn káàdì kan jẹ́ mìlímítà 0.76, bó ṣe rí ní Dùgbẹ̀ náà ló rí ní Kánádà. Etí tí nọ́ńbà kò wú sí ni kí ẹ lò. Ẹ kọ́kọ́ yí okùn títí ohùn á fi pé, E, A, D, G, B, E láti orí èyí tó nípọn jù (áàpù orí fóònù á ṣe é), nítorí okùn tó dẹ̀ máa ń purọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ to káàdì mẹ́ta léra, kí ẹ tì wọ́n sábẹ́ okùn tó nípọn jù, lórí fúrẹ́ẹ̀tì kejìlá, ìyẹn irin kejìlá nínú àwọn tó dábùú ọrùn. Fún okùn irin, bí mẹ́ta bá wọlé tó ń fara kan okùn wẹ́rẹ́, ó dára. Bíi mìlímítà 2.3 nìyẹn. Bí mẹ́rin bá wọlé fàlàlà, iṣẹ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe. Bí mẹ́fà bá wọlé, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Okùn ọ̀rá máa ń gbọ̀n fẹ̀ ju irin lọ, nítorí náà káàdì márùn-ún kò burú fún C40.

Káàdì nìkan kò tó. Ẹ gbé jìtá sókè, kí ẹ wo ọrùn láti orí lọ sísàlẹ̀ bí káfíńtà ti ń wo igi ní Bódìjà: èyí tó tẹ̀ díẹ̀ ṣeé tọ́, èyí tó lọ́ kò ṣeé tọ́. Ẹ mú bébà, kí ẹ gbìyànjú láti ti etí rẹ̀ sábẹ́ ẹ̀yìn bíríìjì. Bó bá wọlé, gúlúù ti ń jáwọ́. Ẹ tẹ okùn kọ̀ọ̀kan lórí fúrẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan; bí ó bá jẹ́ ojú kan péré ló ń dún han-an, fúrẹ́ẹ̀tì tó wà níwájú rẹ̀ ló ga ju ẹgbẹ́ lọ. Orúkọ tí wọ́n kọ sórí jìtá kì í ṣe ẹ̀rí ohunkóhun. Ọwọ́ àti ojú ni kí Kúnlé fi rajà.

Nǹkan kan wà tí mo bẹ̀ ọ́ kí o tẹ̀ mọ́ ọn létí: kò gbọdọ̀ fi okùn irin sára C40 láé, bí ohùn rẹ̀ ti wù kó tutù tó létí rẹ̀. Okùn irin 12 sí 53 máa ń fa ọrùn pẹ̀lú agbára tó lé ní kílò 70, ti ọ̀rá kò ju bíi 40 lọ. Bíríìjì á ṣí bí ìdérí ni, ojú jìtá á sì wú.

Bó bá ti gbé e délé, àtúntò ní ètò: okùn tuntun, irin inú ọrùn (irin gígùn tí a ń yí láti fi tọ́ ọrùn), egungun òkè, kó tó wá kan egungun ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá rẹ́ egungun ìsàlẹ̀ kó tó wo ọrùn, ọrùn á yí gbogbo ìwọ̀n rẹ̀ padà mọ́ ọn lọ́wọ́, egungun tó ti rẹ́ kò sì ní hù padà.

Okùn 11 sí 52 tó fún F310. Kó fi bíi sẹ̀ǹtímítà 5 sílẹ̀ kọjá òpó ìyíkùn kó tó gé e, kí okùn lè yí òpó lẹ́ẹ̀mejì sí mẹ́ta. Bí ohùn bá ń yẹ̀ ṣáá, wọ́n á ní òpó ìyíkùn ti bàjẹ́, wọ́n á fẹ́ ta tuntun fún un. Kó kọ́kọ́ fetí sílẹ̀: bí ó bá ń dún kín-ín nígbà tó ń yí i, tí ohùn á sì fò lẹ́ẹ̀kan náà, egungun òkè ló di okùn mú. Kó fi ẹnu pẹ́ńsù kun inú ihò rẹ̀. Okùn ọ̀rá tuntun ní tirẹ̀ máa ń nà fún ọjọ́ mélòó kan, sùúrù ni oògùn ìyẹn. Èyí tó tín-ínrín jù máa ń yọ̀ níbi ìdè. Kó lọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta dípò ẹ̀ẹ̀kan.

Ọrùn kò gbọdọ̀ gún ṣánṣán. Kó tẹ okùn tó nípọn jù lórí fúrẹ́ẹ̀tì kìíní àti ìkẹrìnlá lẹ́ẹ̀kan náà, kó wo àlàfo tó wà lókè ìkeje. Ó yẹ kí bébà ìkọ̀wé méjì tàbí mẹ́ta gba ibẹ̀. Bí àlàfo bá jù bẹ́ẹ̀, kó fi áléǹkíì (mìlímítà 4 tàbí 5 ni ó sábà máa ń jẹ́) yí irin inú ọrùn sí ọ̀tún, ìdá mẹ́rin ìyípo kan péré, kó tún okùn yí, kó tún wò ó. Bí irin bá kọ̀, kó má fipá mú un. Irin tó bá já sínú ọrùn ti parí ọ̀rọ̀. C40 kò ní irin yìí.

Egungun òkè ló ń pa ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Bí ihò rẹ̀ kò bá jìn tó, kọ́ọ̀dù F (kọ́ọ̀dù ni àwọn ohùn tí a ń ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà) á di ìjàkadì, kọ́ọ̀dù ìbẹ̀rẹ̀ á sì máa dún ga ju bó ṣe yẹ lọ nítorí títẹ̀ ló ń na okùn. Kó tẹ okùn lórí fúrẹ́ẹ̀tì kẹta, kó wo òkè ìkíní: bébà kan ṣoṣo ló yẹ kó gba ibẹ̀. Kó má wá fáìlì olówó ńlá. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní eyín, tí àwọn wẹ́dà fi ń tú ihò ẹnu iná wọn, ni kó rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ohun èlò wẹ́dà. Onírúurú ìwọ̀n ló máa ń wà nínú páálí kan. Kó mú èyí tó fi díẹ̀ tóbi ju okùn lọ, kó sì fì í sísàlẹ̀ síhà orí jìtá, kí okùn lè jókòó sí etí iwájú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni kó fà á, kó dá okùn padà, kó wò ó. Bó bá wá jìn jù tí okùn tí kò tẹ̀ ń dún han-an, kó da eruku egungun sínú ihò, kó kán súpà gúlúù ẹyọ kan lé e, kó tún un gbẹ́ bó bá gbẹ.

Egungun ìsàlẹ̀ rọrùn jù. Bí o bá fẹ́ kí okùn wá sílẹ̀ ní ìdajì mìlímítà lórí fúrẹ́ẹ̀tì kejìlá, mìlímítà kan gbáko ni wàá rẹ́, nítorí agbedeméjì okùn ni ìkejìlá wà. Abẹ́ rẹ̀ ni kó rẹ́, kó má fọwọ́ kan òkè. Kó tẹ́ sáńdípépà sórí táìsì, kó fi pẹ́ńsù fa ìlà ibi tó fẹ́ dé, kó máa fà á ní gbọọrọ kí abẹ́ rẹ̀ má baà rí ṣégeṣège. Bí abẹ́ kò bá tẹ́jú, okùn kan á máa dún, èkejì á máa kùn. Bó bá sì fẹ́ yọ ike yẹn dànù, kó lọ bá alápatà fún egungun ojúgun màlúù, ibi tó le gan-an. Kó sè é pẹ̀lú ọṣẹ títí ọ̀rá á fi kúrò, kó sá a sí ibòji títí á fi gbẹ dénú, kó fi ayùn irin gé e, kó rẹ́ ẹ dé bíi mìlímítà 3 kó lè ki mọ́ ihò rẹ̀. Kó fi aṣọ bo imú, eruku rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Ohùn á mọ́ sí i. Eruku yẹn kan náà ni ti súpà gúlúù òkè yẹn, kó kó o pamọ́.

Bí bíríìjì bá ṣí lọ́jọ́ kan, tọ́pù bọ́ńdì tí káfíńtà ń lò ni, kó fún un mọ́lẹ̀ fún odindi ọjọ́ kan. Kó má lo gọ́ọ̀mù bàtà. Kó má sì fi jìtá sílẹ̀ nínú mọ́tò lọ́sàn-án. Ooru ibẹ̀ máa ń mú kí gúlúù rọ̀.

Ọyẹ́ tiwa àti ẹ̀rọ amúlémóoru tiyín, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe: wọ́n ń fa omi inú pákó. Bí o bá ń fọwọ́ pa etí ọrùn tí fúrẹ́ẹ̀tì ń gún ọ, pákó ti sún kì nìyẹn. Dá ihò sára abọ́ ọṣẹ kékeré, ki fóòmù tútù tí o ti fún gbẹ sínú rẹ̀, fi í sínú àpótí pẹ̀lú jìtá, kí o máa rẹ ẹ́ bó bá gbẹ. Kúnlé náà lè ṣe é títí òjò á fi dé. Kó má fi òróró ẹ̀pá pa ọrùn o, àwọn kan ń ṣe é. Ó máa ń kan, á sì lẹ̀ mọ́ ọwọ́.

Kó tó rẹ́ ohunkóhun, kó ya fọ́tò fúrẹ́ẹ̀tì kejìlá pẹ̀lú àwọn káàdì lábẹ́ okùn, kó fi ránṣẹ́ sí mi. Sọ fún un kó bo nọ́ńbà káàdì.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Ṣọlá