Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa lórí yíyan lífìtì ọkọ̀ fún ilé

Ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n,

A kí yín, a sì dúpẹ́ pé ẹ ń bá wa ra ọjà. Ìdí tí a fi kọ ìwé yìí ni pé àwọn tó ń wá sí ìsọ̀ wa ní Ìta Ẹlẹ́wà láti ra lífìtì ọkọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gbé ọkọ̀ sókè kí a lè ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, sí ilé ara wọn ń pọ̀ sí i, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kọ́kọ́ ń béèrè ni iye owó rẹ̀ àti iye tọ́ọ̀nù tó lè gbé. Ìbéèrè méjèèjì dára, ṣùgbọ́n wọn kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Ilẹ̀ tí lífìtì yóò dúró lé, àti ohun tó bo ibẹ̀ lókè, ni wọ́n máa ń sọ irú èyí tí èèyàn lè rà. Nítorí náà, a fẹ́ kí ẹ ka ìwé yìí tán kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe àwa, ìbáà ṣe ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ ká ti òkè bẹ̀rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n kọ́ ní Ìkòròdú, abẹ́ dẹ́kìn ni wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, yàrá tàbí bákónì sì wà lórí rẹ̀. Ìwọ̀n tí a sábà máa ń bá láti ilẹ̀ dé abẹ́ dẹ́kìn náà jẹ́ nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 10, ìyẹn mítà 3. Toyota Corolla ga tó bíi mítà kan àti ààbọ̀. Sienna sún mọ́ mítà 1.8. Bí ẹni tó ga níwọ̀ntúnwọ̀nsì bá fẹ́ nàró lábẹ́ Corolla láìtẹ orí ba, abẹ́ ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ ga tó mítà 1.8 sílẹ̀. Ẹ ro gíga ọkọ̀ fúnra rẹ̀ mọ́ ọn, ó ti kọjá mítà 3, bẹ́ẹ̀ mítà 3 péré ni dẹ́kìn fún wa. Irú ibẹ̀ kò ṣeé gbé lífìtì olópòó méjì tó ní irin ìdábùú lókè sí rárá, nítorí òpó rẹ̀ nìkan sábà máa ń ga tó ẹsẹ̀ bàtà 12. Èyí tí irin ìsopọ̀ rẹ̀ gba ilẹ̀ kọjá kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì lè wọ abẹ́ dẹ́kìn náà, ṣùgbọ́n kò ní ọ̀pá tó máa dá mọ́tọ̀ lífìtì (ẹ̀rọ iná tó ń gbé e sókè) dúró bí òrùlé ọkọ̀ bá fẹ́ kan òkè. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ojú náà ni ẹni tó bá ra irú èyí yóò máa fi ṣọ́ dẹ́kìn rẹ̀, nígbà gbogbo tó bá tẹ bọ́tìnì.

Fún abẹ́ dẹ́kìn báyìí, lífìtì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣí bí àlùmọ́gàjí ni a máa ń gbà yín níyànjú láti rà. Kì í gbé ọkọ̀ ju mítà kan sí mítà 1.2 lọ, èyí tó túmọ̀ sí pé Corolla yóò lọ sókè dáadáa tí àyè yóò sì ṣẹ́ kù, ṣùgbọ́n Sienna ní láti dúró ní mítà kan kó má baà gbá dẹ́kìn. Orí àpótí ni ẹ ó jókòó sí láti ṣiṣẹ́, ẹ kò ní nàró. Ó dára púpọ̀ fún táyà, bíréèkì àti àwọn irin ẹsẹ̀ ọkọ̀. Kò fi bẹ́ẹ̀ dára fún gíá àti páìpù èéfín, nítorí irin rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló dí àárín abẹ́ ọkọ̀ pa. Àwọn tí ọkọ̀ wọn ń sùn ní gbangba nínú ọgbà rọrùn ju gbogbo èyí lọ: wọ́n lè kan páànù bò ó ní ẹsẹ̀ bàtà 14, ọ̀rọ̀ òkè ti tán nìyẹn.

Ti ilẹ̀ ló le jù, nítorí ojú kì í rí inú rẹ̀. Lífìtì olópòó méjì kò ní ohun mìíràn tó dì í mú ju bóòtù tí a kàn mọ́ kọnkéré lọ. Ọkọ̀ ń tẹ̀ ẹ́ nísàlẹ̀, apá tó na ọkọ̀ sókè sì ń fẹ́ fa òpó wó sínú, bóòtù wọ̀nyẹn ló sì ń dá a dúró. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ yìí fi máa ń kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ bí kọnkéré ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó. Ohun tí ẹ ó sábà bá níbẹ̀ ni pé kò gbọdọ̀ dín ní íńṣì 4, kí agbára rẹ̀ má sì dín ní 3,000 psi, àwọn tó tóbi sì ń béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí a bá wá wo ilẹ̀ yín, a ó fi dírìlì lu ihò kékeré kan sí kọ̀rọ̀ tí kò ní hàn, a ó sì máa wo ìyẹ̀fun tó ń tú jáde. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ní àwọ̀ eérú, inú kọnkéré la ṣì wà. Bó bá di pupa, a ti wọ erùpẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni a ó ki wáyà tí a ti tẹ̀ lẹ́nu bọ inú ihò náà, a ó fi ẹnu rẹ̀ kọ́ abẹ́ kọnkéré, a ó sì fi téèpù wọn ohun tó wà láàárín. Àwọn ilé kan wà tí erùpẹ̀ pupa ti ń tú kí dírìlì tó wọlé tó íńṣì 3, bẹ́ẹ̀ táìsì olówó ńlá ló ń dán lókè rẹ̀. Kí ẹ sì mọ̀ pé a kì í kan lífìtì mọ́ orí táìsì, nítorí àlàfo sábà máa ń wà lábẹ́ rẹ̀, yóò sì fọ́ nígbà tí a bá ń fún bóòtù; a ní láti hú u níbi tí òpó yóò dúró. Íńtálọ́ọ̀kì ńkọ́? Orí iyanrìn ni wọ́n tò ó lé. Kò sí ohun tí bóòtù lè dì mú níbẹ̀.

Bí ilẹ̀ kò bá tó, kò túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ ti parí. A ó gé ojú ibi tí òpó kọ̀ọ̀kan yóò dúró sí, a ó gbẹ́ ẹ wọlé, a ó to irin 12 mm sínú rẹ̀, a ó sì da kọnkéré tuntun. Sìmẹ́ńtì 42.5 (nọ́ńbà agbára rẹ̀ tó wà lára àpò) ni a máa ń lò, a kì í lo 32.5 fún irú iṣẹ́ yìí, àpòpọ̀ wa sì jẹ́ sìmẹ́ńtì ìwọ̀n kan, iyanrìn ìwọ̀n kan àti ààbọ̀, òkúta ìwọ̀n mẹ́ta. Lẹ́yìn èyí, ọjọ́ 28 ni a ó fi dúró, ẹ ó sì máa bu omi rin ín ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ibí yìí ni sùúrù oníbàárà ti máa ń tán. Bíríkìlà yóò ti sọ fún yín pé kọnkéré ti le ní ọjọ́ keje, òótọ́ ló sì sọ, ọkọ̀ pàápàá lè ti gun orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí táyà ṣe ń tẹ kọnkéré mọ́lẹ̀ yàtọ̀ sí bí bóòtù ṣe ń fà á tu, agbára tó ń gba ìfàtu sì ń fẹ́ kí sìmẹ́ńtì jinná dáadáa. A ti jẹ́ kí ọjà bọ́ lọ́wọ́ wa nítorí ọjọ́ 28 yìí, a ó sì tún jẹ́ kó bọ́.

Àwọn tí ilé wọn wà lápá Ẹ̀bùté, Ìpakodò àti àwọn ibi mìíràn tí ọ̀sà ti sún mọ́, tí ilẹ̀ wọn jẹ́ àkúrọ̀ tí wọ́n fi iyanrìn kún kí wọ́n tó kọ́lé, ní láti fi ọkàn sí èyí gan-an, nítorí ilẹ̀ tí wọ́n kún a máa rì díẹ̀díẹ̀. Bí òpó kan bá rì ju èkejì lọ, lífìtì olópòó méjì ti tẹ̀ nìyẹn. Fún irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, olópòó mẹ́rin ló wù wá jù. Ọkọ̀ ń fi táyà rẹ̀ gun orí rẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́rin ló sì fi ń pín ìwúwo, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò sì béèrè pé kí a fi bóòtù kàn án mọ́lẹ̀. Ẹni tó ní ọkọ̀ méjì tí ọgbà rẹ̀ kò gbà ju ọ̀kan lọ lè gbé ọ̀kan sórí, kó gbé èkejì sábẹ́, bí òkè bá gbà á. Àbùkù rẹ̀ ni pé táyà wà lórí irin, nítorí náà ẹ kò lè tú táyà láìra jáàkì ìdábùú tó máa ń wà láàárín irin méjèèjì, owó ọ̀tọ̀ sì ni ti ìyẹn. Ìyọ̀ inú afẹ́fẹ́ ọ̀sà náà a tún máa bá wáyà irin lífìtì jà: ẹ máa wò ó lóṣooṣù, kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ bí okùn rẹ̀ kan bá ti ń já tàbí tí ìpẹtà bá ti wọ inú rẹ̀.

Ó kan ọ̀rọ̀ iná. Mọ́tọ̀ lífìtì ilé sábà máa ń jẹ́ kìlówáàtì 2.2, tí ń lo fólítì 220 lórí fésì kan. Ẹ má ṣe gba èyí tó ń béèrè fésì mẹ́ta bí ojúlé yín kò bá ní fésì mẹ́ta. Bí mọ́tọ̀ bá ń gbéra, iná tó ń fà a máa tó ìlọ́po mélòó kan iye tó ń fà nígbà tó bá ti ń yí dọ́gba, ìdí nìyẹn tí jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo wa mọ̀ sí I better pass my neighbour kò fi lè gbé e. Èyí tí kò bá tó 7.5 kVA, a kì í fọwọ́ sí i. Ohun kan sì wà tí àwọn tó ń ta ẹ̀rọ yìí kì í fẹ́ sọ: láti sọ ọkọ̀ kalẹ̀ láti orí ìkọ́ ààbò, ìyẹn irin tó ń dá lífìtì dúró lókè kó má baà já wálẹ̀, ẹ ní láti kọ́kọ́ gbé e sókè díẹ̀ kí ìkọ́ náà lè tú, iná ló sì máa gbé e. Bí Nẹ́pà bá mú iná lọ nígbà tí ọkọ̀ wà lókè, ibẹ̀ ló máa wà títí iná yóò fi dé tàbí tí ẹ ó fi tan jẹnẹrétọ̀. Ẹ má gbé ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ fi lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ sókè lálẹ́ bí ẹ kò bá ní jẹnẹrétọ̀ tó lè gbé lífìtì náà.

Ìkọ́ ààbò yẹn gan-an ni ẹ̀mí yín wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí lífìtì bá ń gòkè, ẹ ó máa gbọ́ tó ń ró kà, kà, kà, bó ti ń kọjá ihò kọ̀ọ̀kan nínú òpó. Bí ẹ bá dé ibi tí ẹ fẹ́, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀ kó jókòó sórí ìkọ́ lápá méjèèjì kí ẹnikẹ́ni tó wọ abẹ́ rẹ̀. Ọ́ìlì tó ń ti lífìtì gòkè kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi orí lé.

Ti tọ́ọ̀nù kò le. Corolla wọn bíi kìlógíráàmù 1,300, Sienna bí 2,000, Land Cruiser lè kọjá 2,500. Lífìtì tí wọ́n kọ 10,000 páùn sí lára gbé kìlógíráàmù 4,536, èyí tó ju ti gbogbo wọn lọ. Ṣùgbọ́n apá mẹ́rin ló pín in, nítorí náà apá kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ gbé ju 1,134 lọ, iwájú ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì wà sì máa ń wúwo ju ẹ̀yìn lọ. Ẹni tó ń gbé Hilux tí ẹrù kún ẹ̀yìn rẹ̀ sókè ní láti kọ́kọ́ sọ ẹrù náà kalẹ̀.

Ní ti tòkunbọ̀, a kì í bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀, nítorí àwa náà ń tà á. Ẹ kàn wo pátákó irin kékeré tó wà lára òpó. Èyí tó ti Yúróòpù wá yẹ kó dárúkọ EN 1493, ìlànà ààbò wọn fún lífìtì ọkọ̀, èyí tó ti Amẹ́ríkà wá sì yẹ kó ní àmì ALI, ẹgbẹ́ tó ń fọwọ́ sí lífìtì ọkọ̀ níbẹ̀. Ẹ tún wo iye Hz mọ́tọ̀ rẹ̀ (iye ìgbà tí iná ń yí padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan): ti Amẹ́ríkà jẹ́ 60, tiwa níbí jẹ́ 50, mọ́tọ̀ 60 lórí iná 50 yóò máa falẹ̀, yóò sì máa gbóná. Èyí tí pátákó rẹ̀ ti sọnù, a kì í ta á, a kì í sì bá ẹni tó rà á níbòmíràn gbé e kalẹ̀.

Bí ó bá sì jẹ́ pé ọ́ìlì nìkan ni ẹ ń pààrọ̀, tí bíréèkì sì ń kàn yín lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún, ẹ fi owó yín pamọ́. Jáàkì gidi kan àti irin ìdúró mẹ́rin tí ẹ ó fi ti abẹ́ ọkọ̀ ti tó, kí ẹ má sì ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé sókè.

Ẹni tó bá fẹ́ kí a wá wo ilé rẹ̀, kó kọ́kọ́ wọn àyè rẹ̀ láti ilẹ̀ dé ohun tó wálẹ̀ jù lókè, ìbáà ṣe gílóòbù tàbí irin gééètì, kó wọn gígùn àti fífẹ̀ rẹ̀, kó sì sọ ọkọ̀ tó wúwo jù tó ní fún wa. Lẹ́yìn náà ni a ó gbé dírìlì wá. A máa ń gba owó díẹ̀ fún àyẹ̀wò ilẹ̀, a ó sì yọ ọ́ kúrò nínú owó lífìtì bí ẹ bá rà á lọ́wọ́ wa. Bí ẹ bá sì rà á níbòmíràn, ìwọ̀n tí a kọ sílẹ̀ fún yín ṣì jẹ́ tiyín, ẹ lè fi í han ẹni tó bá fẹ́ bá yín gbé e kalẹ̀.

Àwa ni tiyín nítòótọ́,
Ìsọ̀ wa, Ìta Ẹlẹ́wà, Ìkòròdú.