Ìpè fún Owó Ìbẹ̀rẹ̀ Àjọ̀dún Ìwòran Ẹyẹ ní Adágún Ìlú Wa

Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa nílé, lóko àti lẹ́yìn odi, a kí yín, a sì kú àfojúsọ́nà ire.

Ní ìpàdé gbogbogbòò tó kọjá, a fẹnu kò pé kí ìlú wa dá àjọ̀dún ìwòran ẹyẹ sílẹ̀ létí adágún dáàmù wa. Àwọn kan béèrè pé ta ni yóò wọkọ̀ wá wo lékelèke tó ń rìn káàkiri lẹ́yìn ilé baba rẹ̀. Ìbéèrè náà kò burú, ìtàn Lee Vining, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ California lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni ìgbìmọ̀ alákòóso sì fẹ́ fi dáhùn kí a tó dárúkọ owó.

Lee Vining, tí àwọn olùgbé rẹ̀ kò ju igba ènìyàn àti díẹ̀ lọ, wà létí adágún Mono. Adágún náà kò ní ojú ìṣàn tó ń gbé omi jáde, nítorí náà iyọ̀ rẹ̀ ju ti òkun lọ, ẹja kò sì lè gbé inú rẹ̀. Edé wínníwínní àti eṣinṣin ló kún ibẹ̀, àwọn ni ẹyẹ ń bá wá. Lọ́dọọdún, kí òtútù tó mú, ẹyẹ grebe tó lé ní mílíọ̀nù kan a bà sójú omi náà, wọn a jẹ edé títí ara wọn yóò fi wúwo ju ohun tí ìyẹ́ lè gbé lọ, wọn a sì ní láti fúyẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó lè gbéra. Ẹyẹ phalarope ní tirẹ̀ a máa yí bírípé lójú omi bí òkòtó, kí oúnjẹ lè ru sókè sí i lẹ́nu, kí ó tó fò lọ sí Gúúsù Amẹ́ríkà.

Ní 1941 ni ìlú Los Angeles bẹ̀rẹ̀ sí darí omi àwọn odò tó ń ṣàn sínú adágún náà lọ sílé. Nígbà tí yóò fi di 1982, omi ti fà ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 45, iyọ̀ rẹ̀ sì ti di ìlọ́po méjì. Ilẹ̀ gbígbẹ yọ títí dé erékùṣù Negit tí ẹyẹ gull ń yé sí. Ní 1979, coyote, tí í ṣe ìbátan ajáko, gba orí ilẹ̀ náà kọjá lọ bá wọn nínú ìtẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan, tí David Gaines wà lára wọn, ti ka ẹyẹ ibẹ̀ ní 1976 wọ́n sì ti kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Ní 1978, wọ́n dá ìgbìmọ̀ aráàlú kan sílẹ̀. Àwọn ènìyàn a bu omi odò sínú garawa, wọn a gbé e lọ dà sínú adágún, kí gbogbo ayé lè rí ohun tí wọ́n ń bèèrè. Ní 1983, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní California dá wọn láre pé ohun ìní gbogbo aráàlú ni irú omi bẹ́ẹ̀. Jàǹbá ọkọ̀ pa Gaines ní 1988, kò sì rí ọdún 1994 tí ìjọba pàṣẹ kí omi náà padà ga dé 6,392 ẹsẹ̀ bàtà sókè ojú òkun. Omi náà kò tíì débẹ̀.

Ọdún 2002 ni wọ́n tó ṣe àjọ̀dún ẹyẹ wọn àkọ́kọ́, tí wọ́n ń pè ní Mono Basin Bird Chautauqua, nínú oṣù Òkúdù tí ẹyẹ wà nínú ìtẹ́. Àlejò ń san owó ìforúkọsílẹ̀, wọ́n ń tẹ̀ lé àwọn tó mọ ẹyẹ jáde ní ìdájí, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wà, ti àwọn ọmọdé wà, orin náà kò sì gbẹ́yìn.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ọdún 24 ló wà láàárín ìgbìmọ̀ wọn àti àjọ̀dún náà. Wọ́n ti mọ ẹyẹ wọn, wọ́n sì ti gba omi wọn sílẹ̀, kí wọ́n tó pe àlejò. Àwa kò ní dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n a kò ní fi owó àkọ́kọ́ yálò kánópì, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ ẹbí lè dúró. Awò alójú méjì tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn, ìwé àkọsílẹ̀, àti owó ọkọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tí yóò máa ka ẹyẹ adágún wa láti ìgbà ọyẹ́, tí alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ń ti òkè òkun dé, títí di ìgbà òjò, ni a fẹ́ ná an lé lórí.

Nítorí náà, a ń bẹ ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó wà nílé pé kí ó san ₦5,000, kí ẹni tó wà lẹ́yìn odi san ₦20,000. Ẹni tí Ọlọ́run bá bùkún lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá ní irú awò náà tí ẹ kò lò mọ́, a ó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. A sì ń bẹ ẹ̀yin bàbá wa ọdẹ pé kí ẹ má yìnbọn létí adágún láti ìsinsìnyí lọ. Akápò nìkan ni kí ẹ san owó fún, kí ẹ sì gba rìsíìtì. A ó ka orúkọ àti iye tí oníkálukú san ní ìpàdé tó ń bọ̀.

Akọ̀wé Àgbà,
ní orúkọ Ìgbìmọ̀ Alákòóso