Ẹ̀yìn Ọwọ́ Màmá: Ọ̀rọ̀ Ìdúpẹ́ Wa

Ẹ kú ìrìn, ẹ kú àdúrótì, ẹ sì kú àbọ̀ ilé. Ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ fi wá bá wa ṣe ìrántí Màmá, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kó rọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ tẹ̀ wá láago, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi nǹkan ránṣẹ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ to àga, tẹ́ ẹ gbé àwòrán kọ́ sára ògiri, tẹ́ ẹ sì tún sọ wọ́n kalẹ̀ láìsí gíláàsì kankan tó fọ́, a dúpẹ́. Bí a bá ní ká máa dárúkọ, ilẹ̀ á ṣú mọ́ wa lẹ́nu.

Ohun kan hàn sí wa lọ́jọ́ náà. Ìlàjì àwọn tó jókòó mọ Màmá sí oníṣẹ́ ọ̀sítíópátì, ìyẹn ìtọ́jú egungun, oríkèé àti iṣan pẹ̀lú ọwọ́, ìlàjì yòókù mọ̀ wọ́n sí ayàwòrán. Àwọn tí wọ́n tọ́jú ń béèrè pé ìgbà wo ni wọ́n ń ráyè yàwòrán. Àwọn ayàwòrán ń béèrè pé kí ni ọ̀sítíópátì gan-an. Ìdáhùn tí a kò ráyè ṣe tán nìyí, ẹ gbà á mọ́ ìdúpẹ́ wa.

Andrew Taylor Still, dókítà ará Amẹ́ríkà, ló gbé ọ̀sítíópátì kalẹ̀ lọ́dún 1874. Ọdún 1892 ló dá ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Kirksville, ní ìpínlẹ̀ Missouri. Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ rú ni pé iṣẹ́ náà kò rí bákan náà níbi gbogbo. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó gboyè rẹ̀ níbẹ̀ jẹ́ dókítà pátápátá, ó ń kọ oògùn, ó ń ṣiṣẹ́ abẹ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1993 ní ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fi orúkọ iṣẹ́ náà pe ara rẹ̀. Ti Màmá ni ti ọwọ́ nìkan: kò sí oògùn, kò sí abẹ́rẹ́, kò sí ọ̀bẹ. Ẹni tó bá pè wọ́n ní dókítà, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń tún un ṣe.

Kí wọ́n tó fọwọ́ kan èèyàn, wọ́n á ní kó dúró, kó kọ ẹ̀yìn sí wọn. Wọ́n á wo etí méjèèjì, èjìká méjèèjì, orí egungun ìbàdí, bóyá wọ́n bá ara wọn dọ́gba. Wọ́n á ní kó tẹ̀ síwájú, wọ́n á sì wo ẹ̀gbẹ́ ìbàdí tó kọ́kọ́ gbéra. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ tọ ọ̀pá ẹ̀yìn láti òkè délẹ̀, torí ẹ̀yìn ọwọ́ tètè ń mọ ibi tó gbóná ju ibi tó kù lọ. Egungun 24 ló ń yí nínú ọ̀pá ẹ̀yìn: 7 ní ọrùn, 12 lẹ́yìn àyà, 5 ní ẹ̀yìn ìsàlẹ̀. Ohun mẹ́rin ni wọ́n ń wá lára wọn: bí ẹran ara ibẹ̀ ṣe rí lọ́wọ́, bóyá ọ̀tún àti òsì dọ́gba, ibi tí oríkèé lè yí dé, àti ibi tó ń dun ẹni náà bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Ọ̀pọ̀ tí ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ ń dùn máa ń yà á lẹ́nu pé efọ́n ìhà ni Màmá kọ́kọ́ dojú kọ. Kò sí idán níbẹ̀. Ẹran tí a fi ń mí, èyí tó pín àyà níyà sí ikùn, ara efọ́n ìsàlẹ̀ ló so mọ́, ó sì tún ta gbòǹgbò mọ́ iwájú egungun ẹ̀yìn ìsàlẹ̀. Ẹni tí kò lè mí délẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ kò lè sinmi.

Ọ̀nà ìtọ́jú tí wọ́n lò jù ni pé kí aláìsàn fi iṣan ara rẹ̀ ṣiṣẹ́. Wọ́n á gbé ẹsẹ̀ tàbí ọrùn dé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀, wọn kò ní kọjá ibẹ̀. Aláìsàn á tì wọ́n padà díẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá 3 sí 5, á jọ̀wọ́ ara rẹ̀, wọ́n á dúró kí ara ibẹ̀ dẹ̀, wọ́n á wá gbé e síwájú dé ibi tuntun tó ti kọ̀. Ìgbà 3 sí 5 ni wọ́n ń ṣe é. Àwọn ọkùnrin alágbára ló máa ń ba èyí jẹ́: wọ́n á fi gbogbo agbára tì í, iṣan ńlá á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ iṣan kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oríkèé, èyí tí à ń wá gan-an. Ìka kan ni Màmá máa ń nà sí wọn, wọ́n á ní, “Ìka yìí ni kó o tì.”

Èyí tó le fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ti ìṣẹ́jú àáyá 90. Wọ́n á wá ojú ibi tó ń dùn, wọ́n á wá ká ara náà kò títí ìrora á fi kù díẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á sì dì í mú bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan ààbọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ a máa kà á dé 40, á ní ó ti pé. Bí wọ́n bá sì ka 90 tán, wọ́n á sáré dá ara padà, iṣan á tún sún kì. Ìdápadà gbọ́dọ̀ falẹ̀ ju bí èèyàn ṣe rò lọ.

Àwọn kan ṣì gbà pé ìgbà tí ẹ̀yìn bá dún pàù ni ìtọ́jú tó jẹ́. Afẹ́fẹ́ inú omi oríkèé ló ń dún, kì í ṣe egungun tó yẹ̀ tó wá wọlé padà. Nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú á kọjá kí oríkèé kan náà tó tún lè dún. Ní ti ọrùn, Màmá kì í fẹ́ yí i lójijì rárá. Iṣan ẹ̀jẹ̀ méjì gba inú ihò ẹ̀gbẹ́ egungun ọrùn lọ sí ọpọlọ. Kì í sábà ṣẹlẹ̀ pé kó ya, ṣùgbọ́n bó bá ya, rọpárọsẹ̀ ló lè fà.

Àwọn kan wà tí wọn kì í fọwọ́ kàn, ilé ìwòsàn ni wọ́n ń darí wọn sí lójú ẹsẹ̀: ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn tí kò lè tọ̀ tàbí tí kò lè dá ìtọ̀ dúró, ẹni tí àárín itan rẹ̀ kú tipiri, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń rọ, ẹni tí ibà wà lára rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn dídùn, ẹni tó ń rù láìmọ̀dí, àgbàlagbà tó ṣubú. Wọn kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni sọ pé ọwọ́ àwọn ń wo ìtọ̀ ṣúgà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru. Àwọn kan bínú lọ nítorí èyí.

Àwòrán wá ńkọ́? Ọ̀dà olómi àti èédú ni Màmá fi ń ṣiṣẹ́, ẹ̀yìn èèyàn, ìgbápá àti ọwọ́ ni wọ́n sì ń yà jù. Nínú ọ̀dà olómi, pépà fúnra rẹ̀ ni funfun, ẹ̀yìn ohun tó mọ́lẹ̀ ni ohun tó ṣókùnkùn ń tẹ̀ lé. Ibi tẹ́ ẹ bá ti kùn, ẹ kò lè sọ ọ́ di funfun mọ́. Pépà òwú tó wúwo tó 300 gíráàmù ní mítà kan níbùú lóròó ni wọ́n ń lò. Èyí tó fẹ́lẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi, wọ́n á fi tépù lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ pákó kó tó gbẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á wú, ọ̀dà á sì máa gbá jọ sínú kòtò rẹ̀. Ọ̀dà mẹ́ta ni wọ́n ń pò pọ̀ mọ. Bí ẹ bá fi ìkẹrin sí i, ó sábà máa ń di ẹrọ̀fọ̀.

Ẹ̀yìn ọwọ́ yẹn náà ló tún ń ṣiṣẹ́ níbí. Bí ọ̀dà bá gbẹ díẹ̀, tí ẹ wá gbé búrọ́ọ̀ṣì tó kún fómi lé e, omi á ti ọ̀dà lọ sí ẹ̀bá, ẹ̀bá rẹ̀ á sì rí jákujàku bí òdòdó tí ẹnikẹ́ni kò gbìn. Nítorí náà, Màmá á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan igun pépà tí kò sí ọ̀dà. Bó bá ṣì tutù, kò tíì gbẹ. Wọn kì í kan àárín, torí epo ara kì í jẹ́ kí ọ̀dà mú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé àwòrán lọ sílé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé e kọ́ síbi tí oòrùn ti ń wọlé. Àwọ̀ pupa inú àwọn àwòrán àtijọ́ tètè ń ṣá. Ẹ má gbé e sí ilé ìdáná tàbí balùwẹ̀. Ọ̀rinrin á mú kí pépà hu nǹkan funfun, á sì di alámì tótòtó. Ẹ ní kí onífèrémù fi páálí tí kò ní ásíìdì sáàárín kí gíláàsì má fara kan àwòrán, kó má sì fi tépù olówó pọ́ọ́kú lẹ ẹ̀yìn rẹ̀, torí á pọ́n, á sì jẹ pépà. Ti èédú tún gba ìṣọ́ra jù: ẹ má ká a, ẹ má fi aṣọ nù ún, ẹ má sì fi ike rọ́pò gíláàsì, torí ike máa ń fa lẹ́búlẹ́bú èédú mọ́ra. Ohun tí wọ́n fi pẹ́ńsùlù kọ sẹ́yìn, ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà.

Àkọsílẹ̀ ìtọ́jú yín wà ní títì pa. Ẹni tó bá fẹ́ ká fi tirẹ̀ ránṣẹ́ sí olùtọ́jú mìíràn, kó kọ ìwé kó sì fọwọ́ sí i. A kò ní fi í lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ìbáà ṣe ọkọ tàbí aya. Bẹ́ẹ̀dì ìtọ́jú ti wà lọ́dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ rántí gíga rẹ̀: bí ẹ bá dúró tí ẹ fi ọwọ́ sílẹ̀, kí oríkèé ìka kan ojú rẹ̀. Bó bá rẹlẹ̀ jù, ẹ̀yìn ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́jú èèyàn ni yóò kọ́kọ́ bàjẹ́.

Àwòrán kan ṣì wà lórí pákó tí tépù rẹ̀ kò tíì kúrò, ọwọ́ méjì, ọ̀kan ni wọ́n kùn tán. Àwọn kan ti ní àwọn á bá wa parí rẹ̀. Ẹ ṣeun, a kò ní jẹ́.

Awò ojú méjì àti agboòrùn dúdú kan ṣẹ́ kù sílẹ̀ lẹ́yìn ayẹyẹ. Ẹni tó bá ni ín, kó bá wa sọ̀rọ̀. A tún dúpẹ́ o. Ọlọ́run á jẹ́ ká fi ayọ̀ san án fún yín.

Àwa ọmọ àti ọmọ-ọmọ