Bàálù yẹn ò já, wọ́n dà á nù ni

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Àwòrán tí ẹ gbé sójú ewé ẹ̀yìn lọ́sẹ̀ tó kọjá, ti bàálù Ogun Àgbáyé Kejì tó jókòó sísàlẹ̀ omi ní Kwajalein, ní àwọn Erékùṣù Marshall nínú òkun Pàsífíìkì, wù mí débi pé mo gé e, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù mi. Ṣùgbọ́n mo gé ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ dànù. Ẹ kọ ọ́ pé bàálù tó já sómi lójú ogun ni. Ẹ jọ̀ọ́, kò já. Àwọn tó ni ín ló fọwọ́ ara wọn gbé e jù sómi, lẹ́yìn tí ogun ti parí, tí wọ́n sì ti ṣẹ́gun.

Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì ọdún 1944 ni Amẹ́ríkà gba erékùṣù Roi-Namur, ní ìhà àríwá ọ̀sà Kwajalein, lọ́wọ́ Japan. Wọ́n tún pápá bàálù ibẹ̀ ṣe, ibẹ̀ ni bàálù wọn sì ti ń gbéra lọ ju bọ́ǹbù sí Wotje, Mili, Jaluit àtàwọn erékùṣù mìíràn tó ṣì wà lọ́wọ́ Japan. Japan túúbá ní 1945. Bàálù kún pápá, iṣẹ́ sì ti tán lọ́wọ́ wọn. Ni wọ́n bá kó nǹkan bí 150 lọ sínú ọ̀sà lẹ́bàá erékùṣù kékeré kan tó ń jẹ́ Mellu, wọ́n rọ́ wọn sómi, onírúurú bàálù ogun: Dauntless, Corsair, Avenger, Mitchell ẹlẹ́ńjìnnì méjì. Ibẹ̀ ni àwọn òmùwẹ̀ ti ń lọ yà wọ́n ní fọ́tò títí di òní. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ló dé ọ̀dọ̀ yín.

Ẹ má bínú pé ẹni tó ń rọ ìkòkò ń bá yín jiyàn lórí bàálù. Bàbá tó bí bàbá mi lọ ogun Bọ́mà, ó wà lára àwọn tó la àfonífojì Kaladan kọjá ní 1944. Ọ̀nà kò sí níbẹ̀, bàálù Dakota ló ń ju oúnjẹ sí wọn látòkè. Títí bàbá fi kú, bí bàálù bá ń kọjá, wọn á dúró, wọn á wòkè. Àwa ọmọdé a máa fi wọ́n ṣẹ̀rín. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ bàálù ogun ti wọ̀ mí lára.

Ẹni tó kọ ìròyìn yín bèèrè pé irú ìwà òmùgọ̀ wo ló ń mú ènìyàn da bàálù tó péye sómi. Níbí yìí, ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ mi dá a lóhùn. Alumí àlòkù ni mò ń yọ́ fi rọ ìkòkò irin. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n ta jẹnẹrétọ̀ ńlá kan fún mi ní abúlé kan, owó pọ́ọ́kú ni. Mo ti ń yọ̀ kí n tó gbọ́ pé afárá tó wọ abúlé náà ti já. Mo ṣírò owó lọ́rì, owó àwọn tí yóò tú u, owó àwọn tí yóò rù ú gba inú odò kọjá. Ó ju gbogbo ohun tí mo lè rí lára rẹ̀ lọ. Mo fi í sílẹ̀ fún wọn. Ewúrẹ́ ló ń sùn lábẹ́ rẹ̀ báyìí.

Ẹ wá wo Amẹ́ríkà. Láàárín 1940 sí 1945, wọ́n ṣe bàálù ogun tó tó nǹkan bí 300,000. Èyí tó wà nílé, wọ́n rí i tà. Ní Kingman, ní Arizona, wọ́n kó nǹkan bí 5,500 jọ sínú aṣálẹ̀, wọ́n tú ẹ́ńjìnnì wọn, wọ́n gé ara wọn wẹ́lẹwẹ̀lẹ, wọ́n sọ ọ́ sínú iná ìléru. Rélùwéè kọjá ní Kingman. Ta ni yóò wá fi ọkọ̀ ojú omi kó Dauntless láti Kwajalein, ọ̀nà tó lé ní kìlómítà 7,000 sí California, nítorí alumí? Ara bàálù kì í sì í ṣe alumí tó nípọn bíi písítìnì. Páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, irú èyí tó jẹ́ pé bí a bá sọ ọ́ síná, púpọ̀ nínú rẹ̀ á di èérí, á léfòó, a ó kó o dànù. Ẹni tó bá ń rọ ìkòkò mọ̀ ọ́n. Òmùgọ̀ kọ́ ni wọ́n, owó ni wọ́n ṣírò.

Ibi tí inú ti bí mi ni pé nínú gbogbo ìṣirò yẹn, ẹni tó ni ọ̀sà kò sí níbẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Espiritu Santo, ní orílẹ̀-èdè tó ń jẹ́ Vanuatu lónìí, tún burú ju èyí lọ. Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ló jọ ń ṣàkóso ibẹ̀ nígbà náà. Amẹ́ríkà fẹ́ ta ẹrù ogun tó kù sílẹ̀ fún wọn ní ẹ̀dínwó. Wọn ò rà á, àwúùfù ni wọ́n ń retí: wọ́n rò pé bí àwọn ọmọ ogun bá ti lọ, ẹrù á di tiwọn. Àwọn ọmọ ogun ní kò burú. Wọ́n ṣe ọ̀nà wọ inú òkun, wọ́n sì ń wa lọ́rì, jíìpù àti katakata lọ sínú omi, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn. Million Dollar Point ni wọ́n ń pe etíkun náà báyìí, nítorí iye owó tó wọlẹ̀ síbẹ̀. Olùtajà wà, oníbàárà wà, ìjà wọn ni wọ́n jà. Àwọn ará Santo ló ni etíkun, ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n léèrè. Nígbà tí wọ́n gba òmìnira ní 1980, wọ́n jogún rẹ̀ pẹ̀lú ìpẹtà rẹ̀.

Bàálù tó já lóòótọ́ wà o. Ẹ̀yin náà á ti gbọ́ nípa B-17, bàálù ajubọ́ǹbù Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Swamp Ghost, iwin inú irà. Ó lọ ju bọ́ǹbù sí Rabaul, ìlú tó wà lọ́wọ́ Japan, ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì ọdún 1942, epo tán nínú rẹ̀ bó ṣe ń bọ̀, awakọ̀ fi ikùn rẹ̀ gúnlẹ̀ sínú irà Agaiambo ní erékùṣù New Guinea. Àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tó wà nínú rẹ̀ yè é, wọ́n fẹsẹ̀ rìn jáde. Bàálù dá wà nínú koríko fún ọdún 64, kò sẹ́ni tó gbé e. Àfi ìgbà tó di ohun iyebíye. Ní 2006, àwọn kan ti Amẹ́ríkà dé, wọ́n tú u, wọ́n fi hẹlikọ́pítà gbé e. Àwọn aṣòfin Papua New Guinea fárígá, ó sì wà ní èbúté Lae títí di 2010 kó tó ráyè lọ. Pearl Harbor, ní Hawaii, ló wà báyìí.

Òfin kan tún wà tí Amẹ́ríkà ṣe ní 2004. Ó ní ọkọ̀ ogun wọn tó bá rì, bàálù pẹ̀lú, tiwọn náà ni, ó pẹ́ ni, kò pẹ́ ni, àyàfi tí ìjọba wọn bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ti yọ̀ǹda rẹ̀. Mo mọ ìdí kan tó dára fún un: òkú ọmọ ogun wà nínú òmíràn, kò sì yẹ kí àwọn olè máa tú u. Ṣùgbọ́n bí mo bá da èérí ìléru mi sí àgbàlá aládùúgbò mi, tí mo wá ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án nítorí tèmi ni, ṣé àwọn àgbà àdúgbò á gbà?

Àwọn ológun Amẹ́ríkà náà ló ṣì ń lo Kwajalein àti Roi-Namur láti fi dán ohun ìjà wò. Ọmọ onílẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Kwajalein, erékùṣù Ebeye tó wà nítòsí ló ń sùn, ọkọ̀ ojú omi ń gbé e wá láàárọ̀, ó ń dá a padà nírọ̀lẹ́.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, bí ẹ bá tún máa gbé àwòrán yẹn, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé wọ́n dà á sómi lẹ́yìn ogun, ẹ sì dárúkọ ẹni tó dà á. Màá gé ìyẹn náà. Ààyè ṣì wà lára ògiri.

Èmi ni òǹkàwé yín,
ẹni tó ń rọ ìkòkò ní Ògbómọ̀ṣọ́