Olóòtú, Ọjọ́ 7 Kọ́ Ni Awọ Ara Fi Ń Di Tuntun

Ọ̀gá Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Èmi ò kí ń kọ̀wé sáwọn oníwèé ìròyìn rí o, àmọ́ ìpolówó kíríìmù tí mo rí nínú ìwé yín lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ò jẹ́ kí n lè dákẹ́, èyí tí wọ́n ní á sọ awọ tó ti gbó di ti ọmọ jòjòló láàárín ọjọ́ 7. Ọjọ́ méje kẹ̀? Ṣé ejò ni wá ni?

Ìdí tọ́rọ̀ yẹn fi ká mi lára ni pé nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ìyá mi tó ti pé ọdún 78 fi ojúgun gbá irin bẹ́ẹ̀dì, ọ̀sẹ̀ yẹn náà lọmọ mi ọlọ́dún méje ṣubú lórí kẹ̀kẹ́ tí orúnkún ẹ̀ sì bó. Tọmọ, kí n tó mọ̀ ó ti sé èépá, ó ti fi èékánná họ ọ́ dànù, ó ti padà sórí kẹ̀kẹ́. Ti màámi, a fọ̀ ọ́, a dì í, a tún tú u, oṣù kejì ń parí lọ egbò ò tíì jinná. Àwọn kan ládùúgbò ti ń sọ pé kì í ṣojú lásán, wọ́n ní ká lọ wádìí ẹni tó ń bá a jà. A yẹ ṣúgà wò, kò sí ṣúgà. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú ẹsẹ̀ yẹn ló jókòó tó là á yé wa, látìgbà náà lèmi náà ti ń kà nípa ẹ̀.

Ìsàlẹ̀ ni ara ti ń ṣe awọ òkè yìí. Sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ẹyọ tíntìntín tó para pọ̀ di ara wa, èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá á pín sí méjì, ọ̀kan á jókòó síbẹ̀ kó lè tún pín, èkejì á máa gòkè díẹ̀díẹ̀, bó ṣe ń gòkè lá máa tẹ́ pẹrẹsẹ tá á sì máa le, kó tó débi tójú ń rí i ó ti kú, òkú wọn yẹn ló wá tò léra wọn bíi páànù òrùlé tómi ò fi ń wọ̀ wá lára, lẹ́yìn ìyẹn ló máa bọ́ dànù. Lára ọ̀dọ́, gbogbo ẹ̀ ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Èérí tó máa ń ká jọ tá a bá fi kànìnkànìn họra dáadáa, kì í ṣe eruku títì nìkan o, àwa fúnra wa wà nínú ẹ̀.

Ọmọ mi ní tó bá jẹ́ pé awọ ń di tuntun lóṣooṣù, kí ló dé tí ilà ojú màmá àgbà ò tíì parẹ́? (Àbàjà ni màámi kọ.) Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wá èsì ìbéèrè yẹn. Abẹ olóòlà kọjá awọ òkè, ó wọ èyí tó nípọn lábẹ́ ẹ̀, ìyẹn kì í sì í bọ́ dànù bíi tòkè, ibi tí abẹ gbà ni ara fi okùn tín-ín-rín tí wọ́n ń pè ní collagen lẹ̀ pọ̀, ìyẹn ló di àpá. Tẹ́ ẹ bá kun ògiri tó ní kòtò lẹ́ẹ̀mẹwàá, kòtò náà ṣì wà níbẹ̀.

Ká tún padà sọ́rọ̀ ogbó. Láti bí èèyàn ṣe lé lógún ọdún títí dé àádọ́rin ó lé, ìyára tí awọ fi ń di tuntun máa ń dín kù tó ìdá kan nínú mẹ́ta, ó lè tó ìdajì, ìyẹn ni egbò màámi fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó tó jinná. Ní 1961, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Leonard Hayflick àti Paul Moorhead, ní Philadelphia nílẹ̀ Amẹ́ríkà fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì èèyàn tí wọ́n ń sìn nínú ìgò á pín bí ìgbà 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, á sì dáwọ́ dúró, bẹ́ẹ̀ ohun táwọn onímọ̀ ń sọ tẹ́lẹ̀ ni pé kò ní í dúró láéláé. Oòrùn náà tún ń dá kún un o, ẹ wo ikùn àgbàlagbà kẹ́ ẹ fi wé ẹ̀yìn ọwọ́ ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí méjèèjì.

Kíríìmù tó ń bóra kíákíá wá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní oògùn líle tí wọ́n ń pè ní steroid, bíi clobetasol, òmíràn ní mákúrì tí NAFDAC ti fòfin dè. Iṣẹ́ tí steroid yẹn ń ṣe ni pé kí sẹ́ẹ̀lì ìsàlẹ̀ má pín mọ́ bó ṣe yẹ, tí awọ á fi tín-ín-rín, ẹ wá rò ó wò, ọmọ ọgbọ̀n ọdún fowó ara ẹ̀ ra awọ màámi, ọjọ́ tí wọ́n bá ṣe CS fún un ni ojú abẹ ò ní tètè jiná. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bi àwọn tó polówó nìyẹn, Ọ̀gá Olóòtú, kí ló wà nínú ike yẹn gan-an?

Egbò màámi ti jinná báyìí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ la fi ń wẹ̀ ẹ́, a máa ń fi òrí pa á kára ẹ̀ tó gbẹ tán, mo sì gba kànìnkànìn líle yẹn lọ́wọ́ ẹ̀ torí awọ àgbà tètè ń bó. Ó ṣì ń bínú o, ó ní ara òun ò tíì mọ́ látìgbà yẹn.