Sea moss kì í ṣe gbogboǹṣe o

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi gbé èyí jáde, torí ọ̀rọ̀ sea moss, koríko òkun kan, yìí ti ń pọ̀ jù, kò sí WhatsApp téèyàn máa ṣí báyìí tí wọn ò ní máa polówó ẹ̀, wọ́n á ní ó ń wo ìtọ̀ ṣúgà, ó ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, ó ń jẹ́ kára dán, ẹni tó ń wá ọmọ náà kó máa lá a. Gbogboǹṣe!

Mi ò ní koríko òkun ò wúlò o. Ohun tó ń jẹ́ kí sea moss ki yẹn, carrageenan ni, kàbọ̀háídíréètì ni bíi sítáàṣì, òun náà ni wọ́n ń fi sínú ọṣẹ ìfọyín kó má baà ṣàn. Alginate tún wà, ara koríko òkun míì ni wọ́n ti ń yọ ìyẹn. Ẹni tí omi kíkan máa ń ru sí lọ́fun tó bá jẹun tán tó wá mu Gaviscon, alginate inú ẹ̀ ló ń dì tó bá pàdé ásíìdì nínú ikùn, á wá léfòó sórí oúnjẹ bí epo ṣe ń léfòó lórí ọbẹ̀, omi kíkan yẹn ò ní ráyè gòkè. Ẹni tó ti lọ ṣe eyín àtọwọ́dá náà á ti rí i, wọ́n á po ìyẹ̀fun alginate mọ́ omi kíákíá, wọ́n á kó o sínú tíréè kékeré, wọ́n á kì í bọ̀ ẹ́ lẹ́nu, kò ní pẹ́ tó fi máa le, tí wọ́n bá yọ ọ́ wàá rí ojú eyín ẹ níbẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Kódà èèpo edé àti akàn tá a máa ń dà nù, chitosan tí wọ́n ń yọ lára ẹ̀ wà nínú báńdéèjì táwọn sójà Amẹ́ríkà fi dá ẹ̀jẹ̀ dúró lójú ogun Iraq.

Àmọ́ ṣé ẹ rí i, gbogbo iṣẹ́ yìí, kó dì, kó fa omi, kó bo nǹkan lójú ni. Tó o bá fi pa ojú, ojú á tutù fúngbà díẹ̀. Èwo ni ti ìtọ̀ ṣúgà níbẹ̀?

Èyí tó tiẹ̀ ń bà mí lẹ́rù jù ni ayọ́dínì inú sea moss, ó lè pọ̀ gan-an, iyọ̀ ilé wa sì ti ní in tẹ́lẹ̀. Àìtó ẹ̀ lè fa gègè, àpọ̀jù ẹ̀ náà lè fà á. Kí aláboyún àtẹni tó ń lo oògùn gègè bi dọ́kítà kó tó fẹnu kàn án.

Ẹ̀yin náà tẹ́ ẹ ń gba ìpolówó, ẹ máa wo ike ẹ̀ bóyá nọ́ńbà NAFDAC wà níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbowó wọn, ẹ jọ̀ọ́.

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn