Owó òṣìṣẹ́ ńkọ́?

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ Democrat l'Amẹ́ríkà ń bí mi nínú gan-an, wọ́n á gbé máìkì, ẹ̀yà tèmi ẹ̀yà tìẹ ṣáá, owó iṣẹ́ tó kéré jù lófin ìjọba àpapọ̀ ò sì kúrò ní dọ́là 7.25 fún wákàtí kan látọdún 2009! Ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà kì í ṣe irọ́ o, ó wà. Àmọ́ Martin Luther King fúnra ẹ̀, tó jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú l'Amẹ́ríkà, àwọn tó ń kó ìdọ̀tí tí wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀ ló lọ tì lẹ́yìn ní Memphis, ibẹ̀ ni wọ́n ti yìnbọn pa á lọ́dún 1968. Ìwọ́de ńlá tí òun àtàwọn mìíràn ṣe ní Washington lọ́dún 1963 náà, iṣẹ́ àti òmìnira ni wọ́n jọ béèrè. Ẹ bá mi bi wọ́n, ta ló wá yọ iṣẹ́ kúrò níbẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé òṣìṣẹ́ dúdú àti funfun ló jọ ń jìyà owó táṣẹ́rẹ́ yẹn?